Ta Ló Dúró? Ìbéèrè Tó Yẹ Kí Olólùfẹ́ Sharjah Máa Bèèrè

Láti ìgbà tí líìgì bá ti parí títí di August tí wọ́n máa ń padà sórí pápá, kò sí ohun tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Dubai àti Sharjah ju ẹnu lọ. Oòrùn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró níta lọ́sàn-án, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ á ti kó ọmọ wọn lọ sí Yúróòpù láti lọ gbára dì, ohun tó sì máa ń kù fún olólùfẹ́ ni ìròyìn ọjà: ta ni wọ́n fẹ́ rà, èló ni wọ́n fẹ́ san, ta ló ti wọ bàálù tó ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò ara. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Deira, ní Rolla àti ní Al Nahda kì í gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti mọ ọjà Arsenal àti Chelsea bí ẹni mọ owó, wọ́n sì ti ń fi ojú kan náà wo Sharjah, Al Wasl àti Shabab Al Ahli. Bí orúkọ ńlá bá yọ, inú wọn a dùn. Bí orúkọ ńlá ò bá yọ, wọ́n á ní ẹgbẹ́ náà ti kú fún ọdún yẹn.

Èrò tiwa yàtọ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ kan máa ṣe ní sáà tuntun, orúkọ ẹni tó ń bọ̀ kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ẹni tó dúró ni. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo ló ṣì wà níbẹ̀? Àwọn agbábọ́ọ̀lù wo ló ti wà pa pọ̀ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin? Ọmọ wo ni ẹgbẹ́ náà fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dàgbà? A kò sọ pé kí ẹgbẹ́ má rajà o. Ẹni tí kò bá rajà rárá ní líìgì tí owó epo ń gbé ró yóò jìyà. Ohun tí à ń sọ ni pé àga olówó ńlá kò wúlò nínú ilé tí kò ní òrùlé, ìtàn bọ́ọ̀lù ìlú méjèèjì yìí láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn sì ń jẹ́rìí sí i lemọ́lemọ́, débi pé ó yani lẹ́nu pé ìròyìn ọjà ṣì ń pa wá lóyè.

Ẹ jẹ́ ká mú Sharjah, ẹgbẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ọba. Ó gba líìgì ní 1996, ọ̀dá sì dá a lẹ́yìn ìgbà náà fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ní 2017, ìjọba Sharjah da ẹgbẹ́ Al Shaab pọ̀ mọ́ ọn. Ọdún yẹn náà ni Dubai da Al Ahli, Al Shabab àti ẹgbẹ́ Dubai pọ̀ di Shabab Al Ahli. José Peseiro ló ń tọ́ Sharjah nígbà náà, ọmọ Pọtogí kan náà tí gbogbo Nàìjíríà wá mọ̀ nígbà tó gbé Super Eagles dé àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní February 2024. Ó kúrò ní Sharjah kí 2017 tó parí. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò ti òkè òkun wá. Abdulaziz Al Anbari ni, ọmọ inú ẹgbẹ́ náà gan-an, ẹni tó wà lára àwọn tó fẹsẹ̀ gba líìgì 1996. Ó mọ ilé, ó mọ ọ̀nà, ó mọ ohun tí ọ̀dá náà ti ṣe fún àwọn tó ń jókòó sí pápá lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀.

Àwọn àjèjì tó bá lọ́wọ́, tàbí tó gbà wọlé, kì í ṣe irú èyí tí ìwé ìròyìn Yúróòpù ń gbé sójú ewé àkọ́kọ́. Igor Coronado, ọmọ Bràsíìlì, ti Palermo wá, nígbà tí Palermo wà ní ìpele kejì ní Ítálì. Ryan Mendes jẹ́ ọmọ Cape Verde, Otabek Shukurov ti Uzbekistan wá, Welliton náà jẹ́ ọmọ Bràsíìlì. Kò sí ẹni tó máa tìtorí wọn sáré lọ sí pápákọ̀ òfúrufú lóru láti lọ ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí oníkálukú wọn máa dúró sí, wọ́n sì ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ẹnikẹ́ni kò lè halẹ̀ mọ́ nínú ilé bàbá rẹ̀. Ní 2019, líìgì padà sí Sharjah. Al Anbari tó gbà á lórí pápá ní 1996 tún wá gbà á lórí ìjókòó akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nínú gbogbo ìròyìn ọjà tó ṣáájú sáà náà, kò sí èyí tó lè sọ fún èèyàn pé ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò wá kò ní wá ẹ̀rí jìnnà, nítorí Sharjah yìí kan náà ló máa fi ta kò wá. Ní ìgbà ooru 2022, ẹgbẹ́ náà tú àpò. Ó mú Miralem Pjanić wá láti Barcelona, Kostas Manolas láti Olympiacos, Paco Alcácer láti Villarreal. Láti Rolla dé Ajman, kò sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí wọn ò ti dárúkọ àwọn mẹ́ta yìí. Kí sáà 2022–23 sì tó parí, ife mẹ́rin ti wọ àpótí Sharjah: Ife Ààrẹ ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí pé ikú Sheikh Khalifa, ààrẹ UAE, ní May 2022 mú kí wọ́n sún àṣekágbá ọdún tó ṣáájú di October, Ife Líìgì, àti Super Cup. Ife mẹ́rin láàárín sáà kan! Ta ló máa wá ní ọjà ò dára?

Àwa náà kò ní bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tí kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Líìgì ọdún náà kọjá ààlà lọ sí Dubai, Shabab Al Ahli ló gbà á. Ohun tó fà á kò ṣókùnkùn. Ìdíje tí wọ́n ń fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ díẹ̀ parí jẹ́ ti alẹ́ mélòó kan, alẹ́ kan ṣoṣo sì ni irú Pjanić nílò. Bí ara rẹ̀ bá yá, bọ́ọ̀lù kan látẹsẹ̀ rẹ̀ máa la ọwọ́ ẹ̀yìn alátakò sí méjì, ife ti dé nìyẹn. Líìgì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́rìnlá ni, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ooru alẹ́ August ṣì máa ń mú kí jẹ́sì lẹ̀ mọ́ agbábọ́ọ̀lù lára kí eré tó pé ogún ìṣẹ́jú, ó sì ń parí nígbà tí ooru tún ti padà dé. Láàárín méjèèjì, ìdíje ilẹ̀ Éṣíà á dé, ikọ̀ orílẹ̀-èdè á pe tirẹ̀ lára ọmọ ẹgbẹ́, ààwẹ̀ Ramadan á wọlé tí wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù lóru. Ẹni tó ń gba irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún àti ẹni kẹrìndínlógún rẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo mọ́ wọn. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹni kẹrìndínlógún nínú ìròyìn ọjà.

Ohun kan tún wà nínú ife mẹ́rin yẹn tí àwọn olùfẹ́ ọjà kì í sọ. Cosmin Olăroiu, ọmọ Romania tó ń tọ́ ẹgbẹ́ náà, ti wà ní Sharjah láti November 2021, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Pjanić. Ó ti lo oṣù mélòó kan kí àwọn àlejò ńlá tó dé. Wọ́n bá ètò nílẹ̀ ni, àwọn kọ́ ló gbé ètò wá.

Olăroiu yìí gan-an ló jẹ́ ká rí ìdáhùn sí ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tí wọ́n lè fi ta kò wá, ìyẹn Asamoah Gyan. Gbogbo ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló mọ ìtàn náà. Ní September 2011, Al Ain, ẹgbẹ́ mìíràn nínú líìgì yìí kan náà, gba Gyan láti Sunderland. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó ló ń lé kiri. Ọmọ Gánà náà dé, ó sì di ẹni tó gba góòlù jù ní líìgì fún sáà mẹ́ta léraléra. Al Ain gba líìgì ní 2012, ó tún gbà á ní 2013. Bí ẹnì kan bá ní kí a fi ọjà kan ṣoṣo hàn tó yí ẹgbẹ́ padà, a máa fi ti Gyan hàn.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Olăroiu ló ń tọ́ Al Ain ní sáà méjèèjì yẹn. Ní 2013, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Al Ahli ní Dubai. Gyan dúró sí Al Ain. Ní sáà 2013–14, Gyan tún gba góòlù ju gbogbo èèyàn lọ, ṣùgbọ́n ife líìgì bá akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ sí Dubai. Ní Al Ain, akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́ta ló jókòó sí ìjókòó kan náà láàárín sáà kan: Jorge Fossati, Quique Flores, Zlatko Dalić. Ní Al Ahli, Olăroiu tún gba líìgì ní 2016, ó sì ti gbé ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá Champions League ilẹ̀ Éṣíà ní 2015. Atamátàsé tó dára jù lọ ní líìgì kò kúrò níbi tó wà. Ife ló kúrò. A kò mọ ẹ̀rí tó tún lè ṣe kedere jù báyìí lọ.

Shabab Al Ahli náà ń kọ́? Àwọn kan á ní owó Dubai ló ń gba ife fún wọn, pé ẹgbẹ́ tó lè lọ mú Sardar Azmoun láti Bayer Leverkusen ní 2024, tó sì gba líìgì ní 2025, ti fi hàn pé ọjà ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí nítumọ̀, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀. Àkọ́kọ́, láti 2017 tí wọ́n ti da ẹgbẹ́ mẹ́ta pọ̀ ni owó ti wà níbẹ̀, ọjọ́ kan kò sì sí tí owó náà tán. Síbẹ̀ 2023 ni wọ́n tó rí líìgì gbà lábẹ́ orúkọ tuntun yìí, pẹ̀lú Leonardo Jardim. Jardim kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó gbà á tán, líìgì sì bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lóòótọ́, Paulo Sousa gba ife ní sáà àkọ́kọ́ tirẹ̀, a kò sì ní fi ìyẹn pamọ́ torí pé kò bá ọ̀rọ̀ wa mu dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn bí i Federico Cartabia àti Yuri César, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ nígbà ife 2023, ni Azmoun wá bá. Wọ́n fi ẹni kan tó dáńgájíá kún àwọn tó ti mọwọ́ ara wọn. Irú ọjà tí à ń wí nìyẹn.

Ní ti Al Wasl, ìtàn rẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹnì kan jókòó kọ ọ́ fún àríyànjiyàn yìí. Ní 2011, wọ́n gbé Diego Maradona wá sí Dubai gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ayé gbọ́, kámẹ́rà ayé wá sí pápá Zabeel, kò tíì sí ìròyìn ọjà tó tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú náà títí di òní. Sáà kan ló lò, wọ́n ní kó máa lọ ní July 2012, kò fi ife kankan sílẹ̀. Ní 2014, láìsí ariwo, wọ́n mú ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kan wá láti Bràsíìlì tí ń jẹ́ Fábio Lima. Lima dúró. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń wá, wọ́n ń lọ, Lima wà níbẹ̀. Ìlú sọ ọ́ di ọmọ onílùú ní 2020. Nígbà tó di 2024, Al Wasl gba líìgì lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún, ó tún na Al Nasr ní ayò mẹ́rin sí òdo nínú àṣekágbá Ife Ààrẹ, Lima sì wà lára àwọn tó gbé méjèèjì sókè. Ní November ọdún náà, ó gba góòlù mẹ́rin sínú àwọ̀n Qatar nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo fún ikọ̀ UAE. Ọdún mẹ́wàá ni ọjà yẹn fi so èso. Ta ló kọ ìròyìn nípa rẹ̀ ní 2014?

A lè tún máa ka àwọn mìíràn lọ. Fabio Cannavaro dé Al Ahli ní 2010, ó gbá sáà kan, ó fẹ̀yìn tì. Luca Toni wá sí Al Nasr ní 2012. Al Nasr, tó dàgbà ju gbogbo ẹgbẹ́ Dubai lọ, kò tíì rí líìgì gbà láti 1986. Andrés Iniesta, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ láyé, lọ sí ẹgbẹ́ Emirates ní Ras Al Khaimah ní 2023. Ẹgbẹ́ náà já sí ìpele kejì ní òpin sáà yẹn gan-an. A kò dá Iniesta lẹ́bi. Ẹni tó bá rà á láti fi bo ihò ọwọ́ ẹ̀yìn ni kí a bi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò tíì fiyè sí ni pé òfin orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀ ti yí padà sí ìhà ẹni tó dúró. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ẹgbẹ́ UAE ti láṣẹ láti forúkọ àwọn ọ̀dọ́ àjèjì tó ń gbé ìlú náà sílẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí àjèjì tí wọ́n rà ní kíkún. Ẹni tó bá pẹ́ tó, tó sì dára tó, lè di ọmọ onílùú kó sì wọ jẹ́sì ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Bí Kouame Autonne, ọmọ Côte d'Ivoire tó wà ní Al Ain, ṣe di ẹni tó ń dúró sí ọwọ́ ẹ̀yìn UAE nìyẹn. Ọ̀nà yìí náà ni Marcus Meloni gbà ní Sharjah. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó kúrò ní Bràsíìlì, orúkọ rẹ̀ kò sì jẹ́ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí alẹ́ ọjọ́ kejìdínlógún oṣù May 2025. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú, Shabab Al Ahli ti lu Sharjah ní ayò méjì sí ẹyọ kan nínú àṣekágbá Ife Ààrẹ, inú àwọn ará Sharjah kò dùn. Wọ́n fò lọ sí Singapore láti lọ gbá àṣekágbá AFC Champions League Two pẹ̀lú Lion City Sailors lórí ilẹ̀ àwọn onílé. Firas Ben Larbi ló kọ́kọ́ gba góòlù wọlé. Nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé, tí gbogbo èèyàn rò pé ó ti parí, Maxime Lestienne dá a padà fún àwọn onílé, pápá sì mì tìtì. Ẹgbẹ́ tí wọ́n kó jọ ní ìgbà ooru kan ṣoṣo máa ń fọ́ ní irú ìṣẹ́jú yẹn. Ẹ ó rí i tí ojú wọn á máa wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Sharjah kò fọ́. Ní ìṣẹ́jú keje àfikún, Meloni gba bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ayò méjì sí ẹyọ kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Sharjah máa gba ife ilẹ̀ Éṣíà. Pjanić ti lọ láti 2024. Olăroiu ti lé ní ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Ẹni tó gba góòlù náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ tú àpò.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, nínú ìdíje àtikópa Ife Àgbáyé, UAE ń fìdí rẹmi níwájú Oman. Meloni àti Caio Lucas, ọmọ Sharjah méjèèjì, ló gba ayò méjì tó dá eré náà padà. Òótọ́ ni pé UAE kò padà yege: Qatar lù wọ́n, Iraq sì parí ọ̀rọ̀ wọn ní November. A kò sọ pé ẹni tó dúró kì í pàdánù. Gbogbo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló ń pàdánù. Èyí tí à ń jiyàn lé lórí ni ibi tó yẹ kí ìrètí olólùfẹ́ dúró sí.

Àtakò kan ṣì kù, ó sì jẹ́ ti ajé. Wọ́n á ní orúkọ ńlá ń fa èrò wá sí pápá, ó ń fa onígbọ̀wọ́, ó ń jẹ́ kí ayé mọ̀ pé líìgì kan wà níbẹ̀. Èyí pọ̀n dandan fún líìgì tó wà lábẹ́ òjìji Saudi Arabia, tí Cristiano Ronaldo ti wà láti 2023. A gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èrò ṣe ń wá ní tòótọ́, kó wo bí àwọn ará Al Wasl ṣe dì mọ́ Lima. Wọ́n rí Maradona fún sáà kan. Lima ni wọ́n tọ́. Èrò tó wá wo orúkọ máa ń bá orúkọ lọ. Ní Dubai tí ohun ìgbafẹ́ pọ̀ tó báyìí, ẹgbẹ́ tí kò ní ju ìran wíwò lọ kò lè bá ilé ìtajà ńlá dù ú.

Nítorí náà, ẹni tó bá bi wá léèrè bí Sharjah ṣe máa rí lẹ́yìn tí Olăroiu ti fi í sílẹ̀ lọ tọ́ ikọ̀ orílẹ̀-èdè ní 2025, ohun tó yẹ kó kó ìdààmú bá a kọ́ ni bóyá wọ́n ra atamátàsé tàbí wọn ò rà. Lílọ Olăroiu wúwo ju gbogbo ọjà tí wọ́n lè ṣe lọ. Wọ́n mú Miloš Milojević, ẹni tó gba ife méjèèjì fún Al Wasl ní 2024, láti rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ni, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n Al Wasl tó ti gbayì lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ tó ti ní ọ̀pá ẹ̀yìn kí ó tó dé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá yòówù kó jókòó síbẹ̀, bí ìgbìmọ̀ Sharjah bá fún un ní àkókò tí wọ́n fún Olăroiu, tí wọ́n sì di Meloni àti Caio Lucas mú, ìrètí wà. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta bá bàjẹ́, kódà Pjanić mẹ́ta kò lè gbà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé rárá. Ní Ikẹnnẹ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Remo Stars ti Kúnlé Ṣóname ṣe ipò kejì ní líìgì Nàìjíríà ní 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024. Ẹgbẹ́ mìíràn ì bá ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n di Daniel Ògúnmódẹdé mú, wọ́n sì ń mú ọmọ jáde láti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tiwọn. Ní April 2025, wọ́n gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí Shooting Stars ti gbà á ní 1998, àwọn ará Ìbàdàn ti gbọ́ ìròyìn ọjà tó pọ̀ ju ti Ikẹnnẹ lọ fíìfíì, wọn ò sì tíì rí líìgì. Bẹ́ẹ̀ ni Mamelodi Sundowns ti South Africa lu Remo Stars ní ayò márùn-ún sí ẹyọ kan ní Abẹ́òkúta ní October 2025, a kò fi bò. Owó Sundowns pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ohun tí wọ́n ní. Ẹni tó kọ́lé fún ogún ọdún ni wọ́n pàdé.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ ìròyìn ọjà fi yẹ kó kan òbí Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn kan ti ń fi í ṣe ìwọ̀ ẹja. Wọ́n á pe ọmọ kan ní Mushin tàbí ní Òṣogbo, wọ́n á ní ẹgbẹ́ kan ní Dubai tàbí Sharjah ti rí fídíò rẹ̀, wọ́n ń retí rẹ̀ kí fèrèsé ọjà tó ti, kí bàbá rẹ̀ san owó físà àti owó ìdánwò. Bàbá á ta ilẹ̀. Ọmọ á gúnlẹ̀ pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò, kò ní bá ẹgbẹ́ kankan, ẹni tó mú un wá á pa fóònù. Bí a bá fi ìbéèrè tiwa wo irú ìpè bẹ́ẹ̀, ìtànjẹ náà á tú síta. Ta ló dúró sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà? Ẹgbẹ́ wo ni, kí sì ni orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó fẹ́ kọ́ ọ? FIFA kò gbà kí wọ́n gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí òfin là sílẹ̀. Láti 2010 ni gbogbo títà láàárín orílẹ̀-èdè ti ń gba inú ẹ̀rọ TMS ti FIFA kọjá. Láti October 2023 sì ni ejẹ́ǹtì ti gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ FIFA, orúkọ wọn sì wà níta gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ ọmọ yín yóò kọ ìwé fún un lórúkọ ara rẹ̀. Kò ní ránṣẹ́ sí i pé kó fi owó ránṣẹ́ sínú àpamọ́ ẹnì kan.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ta ilẹ̀ nítorí ìpè orí fóònù. Ẹ kọ́kọ́ mú orúkọ ejẹ́ǹtì náà lọ sí ojú òpó FIFA, kí ẹ sì kọ ìwé sí ẹgbẹ́ náà fúnra yín. Bí ọmọ bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ní tòótọ́, kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tó wà nítòsí, kó sì dúró síbẹ̀ pẹ́.